Láti Kafitéríà Dé Búkà: Ọ̀rọ̀ Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ àti Ìtọ́jú Wọn

Nínú oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford kó àwọn ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tiwa wọ inú ìwé wọn. Buka wà níbẹ̀. Bukateria wà níbẹ̀. Mama put náà ò gbẹ́yìn. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn, wọ́n ń pín ìròyìn náà kiri lórí fóònù pé Òyìnbó ti gba ọ̀rọ̀ wa wọlé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bukateria ni mo tẹjú mọ́ jù, torí ọ̀rọ̀ tó ní ìtàn nínú ni.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Búkà ti èdè Haúsá wá. Bukka lọ́dọ̀ wọn ni ahéré tí wọ́n fi koríko kọ́. Ìdajì kejì, -teria, ara cafeteria ni wọ́n ti gé e, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì, tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí ló túmọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá wò ó dáadáa: wọ́n gé kafitéríà lórí, wọ́n fi búkà dí ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ yunifásítì ṣe rí nílẹ̀ wa. Ìrù kù, orí ti lọ.

Àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé àwa àgbà ò yéé sọ̀rọ̀ adìyẹ ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ ní a jẹ ayé tán, a wá jókòó tì yín pé ẹ ò kàwé. Òótọ́ wà níbẹ̀, ká má parọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé adìyẹ yẹn kì í ṣe fàájì lásán. Ara òpó ilé ni. Nígbà tí wọ́n yọ òpó náà, ohun mìíràn tí wọ́n gbé lé e lórí wó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń wo gbogbo wọn: iná, omi, yàrá, ìwé kíkà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ní 1945, ìgbìmọ̀ tí Cyril Asquith ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ wọn jáde lórí ẹ̀kọ́ gíga ní àwọn ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé inú ọgbà ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa gbé. Èrò wọn ni pé ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ á ti wá, pé ilé tí wọ́n lè rí nígboro kò rọrùn fún ìwé kíkà, àti pé bí ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà bá jọ ń jẹ tí wọ́n jọ ń sùn, wọ́n á mọ ara wọn. Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ dó sí, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti fi ṣe ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó lọ sí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́, níbi tí yunifásítì wà títí dòní.

Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya kan láti Lọ́ńdọ̀nù, ló ya àwòrán àwọn ilé ibẹ̀. Bí ẹ bá lọ wo Mellanby, tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú àwọn hóòlù, tàbí Tedder, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni: ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí atẹ́gùn ń gba ìhà kan wọlé tó ń gba ìhà kejì jáde, bákónì, ògiri oníhò tí oòrùn ò lè wọlé tán. Ohun tí ẹ ò ní rí nínú yàrá ni ibi ìdáná. Wọn ò gbàgbé o. Gbọ̀ngàn ìjẹun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, ilé ìdáná sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, pẹ̀lú kúùkù àti sítúwọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń gbé yàrá kò ní ìdí kankan láti dáná. Ìwọ̀n iná mànàmáná tí wọ́n fà wọ yàrá, ti gílóòbù àti iná orí tábìlì ni. Ìwọ̀n omi tí wọ́n ṣètò, ti ìwẹ̀ àti ìfọṣọ díẹ̀ ni, torí wọ́n ń bá ọ̀pọ̀ fọ aṣọ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Hóòlù nígbà yẹn ju ibùsùn lọ. Ó ní wọ́dìn, ó ní pọ́tà tó mọ orúkọ rẹ àti orúkọ ẹni tó wá bẹ̀ ọ́ wò, ó ní yàrá ìgbafẹ́ tí ìwé ìròyìn wà, ó ní buttery tí èèyàn ti lè ra bísíkíìtì lóru. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi ń sọ orúkọ hóòlù di orúkọ ara wọn: Kutite, Zikite, Belloite, Awoite. Ìparí ọ̀rọ̀ -ite yẹn, òun náà ló wà lára orúkọ àwọn ẹ̀yà inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, bíi ti àwọn ará Kénáánì àti àwọn ará Hítì. Ẹ̀yà ni wọ́n sọ ara wọn dà. Wọn ò tilẹ̀ dúró síbẹ̀: nígbà tí ìròyìn ogun Kóńgò gbòde láàárín 1960 sí 1965, Independence Hall di Katanga Republic, Nnamdi Azikiwe Hall di Baluba Kingdom. Ní Ifẹ̀ náà, ẹ ṣáà mọ Angola àti Mozambique. (Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe máa ń wí, ọmọ tó yó ló ń ráyè fi Kóńgò ṣeré.)

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ayé ọ̀run ni ayé ìgbà náà. Oúnjẹ yẹn gan-an ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀ léraléra. Ní ìparí oṣù kìíní 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zik bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀hónúhàn lórí ìṣàkóso oúnjẹ hóòlù wọn. Ọ̀rọ̀ náà fẹjú, ọlọ́pàá wọ ọgbà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ìbọn ba akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjù, ó sì kú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní UI títí di òní. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba iwájú ilé yẹn kọjá lójoojúmọ́ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló bẹ̀rẹ̀ ohun tó pa á. Ní 1978 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ìjọba ológun fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé, gbogbo yunifásítì ló gbiná. Ìyẹn ni ogun tí wọ́n ń pè ní Ali Must Go, nítorí orúkọ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Ọ̀gágun Ahmadu Ali. Ẹ̀mí sọnù níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ikùn ni, pé kò kan ètò ẹ̀kọ́, ẹ bi í bóyá ó mọ orúkọ Adépéjù.

Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Buhari fòpin sí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń san lórí oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́. Owó ìlú ti ń gbẹ, epo rọ̀bì ò mówó wọlé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, iye akẹ́kọ̀ọ́ sì ti pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni fojú sùn ní 1948. Mo gbà pé ètò ọ̀hún ò lè dúró bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ló ń ṣòfò, ọ̀pọ̀ owó ló sì ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé ìdáná jáde. Ẹjọ́ tí mo ní ni pé wọ́n ti ilé ìdáná pa, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè pé níbo ni àwọn èèyàn yìí á ti máa se oúnjẹ wọn láti ọ̀la lọ.

Èsì rẹ̀ ni pé inú yàrá ni. Sítóòfù oníkẹrosíìnì wọ bákónì tí Fry àti Drew ṣe fún atẹ́gùn, èéfín sì ba ògiri oníhò jẹ́. Lẹ́yìn sítóòfù, hot plate dé. Wáyà tí wọ́n fà fún gílóòbù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná tí ń se ẹ̀wà. Kí ni wáyà bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Á gbóná, á jó, fíúsì á máa lọ, gbogbo ìlà yàrá á ṣókùnkùn lóru ìdánwò. Wọ́n fòfin de hot plate. Àwọn ọmọ ń fi í pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi náà ńkọ́? Ẹni tó ń dáná nílò omi ìdáná, omi ìfọkòkò, omi ìfọwọ́. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wọ inú páìpù tí wọ́n ṣe fún omi ìwẹ̀ nìkan, páìpù dí, ẹ̀rọ omi ò tó, kẹ́ẹ̀gì di ohun èlò ìkàwé. Bí a bá wá dé hóòlù kan lónìí tí a rí ìdọ̀tí, a máa ń sọ pé ọmọ òde òní ò ní ìmọ́tótó. Àbí ta ni yóò kó ilé ìdáná ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn sínú yàrá tí kò ní síǹkì, tí yóò sì mọ́?

Àkókò tún ńkọ́? Ọmọ tí kíláàsì rẹ̀ parí ní aago mẹ́rin, tó lọ ra tòmátò ní Agbowó, tó wá omi, tó dúró de iná, tó dáná, tó fọkòkò, aago mélòó ló fẹ́ ṣí ìwé? Àwọn kan wá yan ọ̀nà kejì, wọ́n dín iye ìgbà tí wọ́n ń jẹun kù, wọ́n sì fi nọ́ńbà dárúkọ rẹ̀: 1-0-1, 0-1-0, 0-0-1. Òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́. 0-1-0 túmọ̀ sí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀sán gangan, kí ó lè tì í dé ibi tó bá lè tì í dé. Dókítà ló ń kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sára àpò oògùn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó le tó báyìí: oúnjẹ di oògùn tí wọ́n ń wọ̀n fúnni.

Ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ èdè kíyè sí nìyí. Nígbà kafitéríà, ọ̀rọ̀ tó yí oúnjẹ ká ni tíkẹ́ẹ̀tì, sítúwọ́ọ̀dù, àkókò oúnjẹ. Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ni. O ní tíkẹ́ẹ̀tì, o ó jẹun. Kò sí pé ò ń bẹ ẹnikẹ́ni. Ní búkà, ọ̀rọ̀ ọjà ló gba ipò wọn: ènì, àwìn, "ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi kún un". Inú gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ni mama put ti jáde. Ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ni, àwọn ìyá náà sì ṣe gudugudu méje. Mélòó nínú yín ni ìyá oníbúkà gbà jẹun láwìn títí owó fi ti ilé dé? Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí padà: ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ di ohun tí à ń fi ojú àánú gbà. Ẹni tí ìyá oníbúkà bá fẹ́ràn ló ń jẹ ènì.

Ọ̀rọ̀ yàrá náà rìn bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀dì ò pọ̀ tó wọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n ń ṣẹ́ gègé lórí rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bàlọ́ọ̀tì. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òun rí yàrá mọ́. Bed space ni wọ́n ń wá, àyè tó tó bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹni tó rí i, bonafide ni. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ Látìn ni, "pẹ̀lú ọkàn tó dára" ló túmọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́; akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ló sọ ọ́ di orúkọ ènìyàn: "Èmi ni bonafide yàrá yìí." Ẹni tí kò rí i ni squatter.

Squatter yìí wù mí púpọ̀. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó gba ilé onílé láìgbàṣẹ ni, ọ̀rọ̀ ìṣe squat sì sábà máa ń wà láyè ara rẹ̀, kì í sábà gba àbọ̀. Ní ọgbà wa, ó ti gba àbọ̀: "Jọ̀ọ́, squat mi fún ọ̀sẹ̀ méjì." "Túndé ló squat mi ní ọdún kìíní." Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ olè ilẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àlejò. Ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ ni "gbà mí lálejò", ìlò rẹ̀ sì ti bá ọ̀rọ̀ ìṣe tiwa dọ́gba. Squatter ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń ra burẹ́dì bọ̀ nígbà tó bá lówó. Ìwà ọmọlúàbí ló ń gbé ètò tí kò sí ró. Ibi tó ti ń dun ni ni pé squatter kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Yàrá tí wọ́n kọ ènìyàn mẹ́rin sí, bí bonafide kọ̀ọ̀kan bá gba ẹnì kan, mẹ́jọ ti dé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi àti wáyà ṣì ń retí mẹ́rin. Bí yunifásítì bá fẹ́ tún hóòlù ṣe, iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n á fi ṣírò, wọ́n á parí iṣẹ́, láàárín ọdún méjì ó ti bàjẹ́ padà, a ó sì tún máa bú àwọn ọmọ.

Ètò ìlera nìkan ni orúkọ rẹ̀ kò yẹ̀. Ọmọ UI kì í sọ pé òun ń lọ sí University Health Service. Jaja ló ń lọ, bí bàbá rẹ̀ ṣe lọ Jaja. Àwàdà páńádó fún gbogbo àìsàn wà káàkiri gbogbo yunifásítì, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti gbé ètò ìdáàbòbò ìlera tí wọ́n ń pè ní TISHIP kalẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, inú owó tí ọmọ ń san sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n béèrè ohun tó bo mọ́ra kí àìsàn tó dé.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ owó ẹ̀yáwó NELFUND. Yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́, 20,000 náírà lóṣooṣù wà níbẹ̀ fún ìgbọ́bùkátà ẹni tó bá béèrè. (Haúsá náà ló fún wa ní bùkátà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá búkà.) Ohun tó dára ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ pín 20,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́: ó dín díẹ̀ ní 667 náírà lóòjọ́, fún oúnjẹ, ọkọ̀, fọ́tókọ́pì àti dátà. Gbèsè sì ni, ọmọ náà á san án padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun ní búkà lọ́sàn-án mọ ibi tí 667 ń dúró sí lẹ́yìn tí ẹ bá ní kí wọ́n fi ẹran kan sí i.

Kì í ṣe pé mo ní kí adìyẹ Sọ́ńdè padà. Ohun tó wù mí kéré jù bẹ́ẹ̀: oúnjẹ gidi kan lóòjọ́, ní iye tí yunifásítì bá ìjọba àti àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ fi owó dín kù, nínú àwọn gbọ̀ngàn ìjẹun tó ṣì wà nílẹ̀, kí a kọ́ ilé ìdáná gidi, pẹ̀lú síǹkì, wáyà tó nípọn àti ibi tí èéfín ń gbà jáde, sí ìpẹ̀kun ìlà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí a sì ka squatter mọ́ àwọn tó ń gbé hóòlù, láìfi ìyà jẹ ẹni tó gbà á lálejò, kí iye omi lè bá iye ènìyàn mu.

Mo ń gbọ́ pé àwọn ẹgbẹ́ hóòlù yín, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà náà, ń kówó jọ. Ó dára. Ẹnu ọ̀nà hóòlù ni wọ́n sábà máa ń kùn, tí wọ́n á kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí i gàdàgbà. Kí ẹ tó ra ọ̀dà, ẹ rán ẹnì kan lọ bá pọ́tà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wà nílé. Kó bi í pé ènìyàn mélòó ló ń sùn ní yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kó gun òkè lọ wo ibi tí wọ́n ti ń dáná.